Ìsọdìlú kọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí The Woodlands, ìkàsígboro ni

Ẹ̀gbọ́n wa ní Houston, mo kí yín, mo kí gbogbo ilé. Mo ti ka ìkéde tí ẹ túmọ̀ fún ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ibẹ̀, èyí tí ẹ ní ká bá yín yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Gbólóhùn tó ṣíwájú nínú rẹ̀ nìyí: "Nípasẹ̀ ìsọdílú-ńlá láti ọwọ́ àjọ ìkànìyàn, agbègbè Conroe àti The Woodlands ti di ìlú ńlá, owó bọ́ọ̀sì wa yóò sì máa pọ̀ sí i." Àwọn kan ti yìn yín lórí ọ̀rọ̀ tuntun yìí, ìsọdílú-ńlá, tí ẹ fi túmọ̀ bí àjọ ìkànìyàn Amẹ́ríkà ṣe ka Conroe àti The Woodlands, nítòsí Houston ní Texas, sí ìgboro. Èmi ò lè bá wọn yìn ín. Ọ̀rọ̀ náà kò dúró dáadáa, ìròyìn tó gbé kò sì rí bẹ́ẹ̀, àbùkù ara ọ̀rọ̀ náà ló sì ṣi ìròyìn lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti àmì ohùn. Gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ yọ, ìsọdílú lẹ kọ, ẹ gbé ohùn òkè lé e lórí. Dí kì í ṣe di. Ẹni tó bá dí ìlú, ó sé ọ̀nà rẹ̀ mọ́ àwọn ará ibẹ̀ ni. Sọ di òmìnira ló bí ìsọdòmìnira, sọ di ọ̀tun ló bí ìsọdọ̀tun. Ohùn fáwẹ̀lì tó ṣíwájú ọ̀rọ̀ orúkọ ló ń borí, nítorí náà ìsọdìlú ló yẹ kó jẹ́. Ẹnìkan ti ń gbèjà yín pé fóònù ló fà á. Ẹni tó ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ogunlọ́gọ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ohùn ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún fóònù.

Bí a bá tún ohùn ṣe tán, di fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, òun gan-an ló ń bí mi nínú. Sọ di túmọ̀ sí pé nǹkan kan wà báyìí, wọ́n gbọ́wọ́ lé e, ó sì yí padà. Ìlú tí ogun sọ dahoro, ẹni tó bá débẹ̀ yóò rí i pé ahoro ni. Kí ló yí padà ní The Woodlands lọ́jọ́ tí àjọ ìkànìyàn Amẹ́ríkà gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde? Wọn ò kọ́ ilé kan kún un. Wọn ò la ọ̀nà. Wọ́n ka ilé àti ènìyàn ni, wọ́n fa ìlà, wọ́n sì ní ẹ̀gbẹ́ ibí lẹ bọ́ sí. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ ìṣe fún èyí, ojoojúmọ́ là ń lò ó: kà sí. "Wọ́n kà á sí àgbà." "Èmi ò kà á sí ọ̀tá." Ẹni tí wọ́n kà sí àgbà, ọjọ́ orí rẹ̀ kò fi ọjọ́ kan lé sí i; ojú tí wọ́n fi ń wò ó àti ìpín tó ń kàn án ló yàtọ̀.

Ẹ wá wo ìlú tí ẹ so mọ́ di yẹn. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń wá kì í ṣe ìlú. Ìlànà tí àjọ ìkànìyàn wọn gbé jáde ní oṣù kẹta 2022 bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ilé bá ti pọ̀ tó 425 lórí máìlì kan níbùú lóròó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń so àdúgbò mọ́ àdúgbò títí wọn yóò fi rí i bóyá gbogbo rẹ̀ tó 5,000 ènìyàn tàbí 2,000 ilé. Wọn ò béèrè olórí ìlú, wọn ò béèrè ọjà, wọn ò sì tẹ̀ lé ààlà tí òfin fún ìlú kankan. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ìlú ni ọba, ìjòyè, ọjà àti odi. Àwọn ìlú aládé wà tí èrò wọn kò pọ̀, a kò sì já wọn sí abúlé nítorí iye.

Ìyá bàbá mi lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ ní abà kan lọ́nà Ìdí-Ayùnrẹ́. Bó bá fẹ́ wọ Ìbàdàn, "Mò ń lọ sígboro" ló máa ń sọ. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí pé òun ń lọ sílùú. Lójú tirẹ̀, ìlú Ìbàdàn lòun wà nígbà gbogbo: agbo ilé rẹ̀ wà ní Ọ̀jẹ́, Olúbàdàn kan náà ló ń sìn, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Oko ló wà, àmọ́ oko Ìbàdàn ni. Ibi tí ilé ti fara kan ilé ló ń pè ní ìgboro. Kò ka ìwé, ó sì mọ ìyàtọ̀ yìí ju àwa tí a ń fi gírámà jẹun lọ. Ìgboro yẹn gan-an ni àjọ ìkànìyàn Amẹ́ríkà ń wọ̀n.

The Woodlands tí ẹ ń gbé nítòsí rẹ̀ ló já irọ́ ìsọdìlú kedere jù. Lábẹ́ òfin Texas, The Woodlands kì í ṣe ìlú. Township ni, ìyẹn àgbájọ kan tí òfin fún ní agbára díẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2021 wọ́n bi àwọn ará ibẹ̀ bóyá wọ́n fẹ́ kó di ìlú, wọ́n dìbò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ní àwọn kò fẹ́. Síbẹ̀, láti ìkànìyàn 2010 ni àjọ ìkànìyàn ti so ó pọ̀ mọ́ Conroe, tó kà wọ́n sí ìgboro kan ṣoṣo tí èrò inú rẹ̀ jẹ́ 239,938 nígbà náà. Ibi tí wọ́n ti dìbò kọ̀ láti di ìlú lẹ wá kọ ìsọdìlú sí lórí. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Mo dé ibi owó wàyí. Àjọ FTA ló ń pín owó ọkọ̀ èrò ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ìlà méjì ló sì ṣe pàtàkì nínú ìpín náà: 50,000 àti 200,000. Ibi tí kò bá tó 50,000, abala 5311 nínú òfin ló ń fún un lówó, ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ sì ni owó náà ń gbà kọjá. Ibi tó bá tó 50,000 bọ́ sí abala 5307, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣètò ìrìnnà fún gbogbo agbègbè, èyí tí wọ́n ń pè ní MPO. Láàárín 50,000 sí 200,000, gómìnà ṣì lọ́wọ́ nínú pípín owó, wọ́n sì lè fi owó náà san owó oṣù awakọ̀ àti owó epo, bí àwọn náà bá lè rí ìdajì rẹ̀ gbé kalẹ̀. Tí ìgboro bá kọjá 200,000, owó ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n yàn níbẹ̀ láti gbà á. Orí ríra bọ́ọ̀sì, kíkọ́ ibùdókọ̀ àti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló sì kúkú dá lé. Owó awakọ̀ àti epo kò rọrùn láti mú jáde nínú rẹ̀ mọ́, àfi fún àwọn tí bọ́ọ̀sì wọn kò ju 100 lọ ní wákàtí tí èrò pọ̀ jù. Àwọn tí tiwọn kò ju 75 lè ná tó ìdá márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìpín wọn sórí rẹ̀. Àwọn tó wà láti 76 sí 100 kò lè kọjá ìdajì.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bí "owó bọ́ọ̀sì wa yóò pọ̀" ṣe jìnnà sí èyí tó. Àpò kan ni wọ́n ti inú rẹ̀ bọ́ sí òmíràn. Iye tó wà nínú àpò tuntun lè tóbi ju ti àtijọ́, kó sì jẹ́ pé owó awakọ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọ́n. Àwọn ìgboro kan tún ń pàdánù owó mìíràn tí wọ́n ń gbà. Àwọn tí kò tó 200,000 tí iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wọn sì dára gan-an nínú ìwọ̀n mẹ́fà kan ní owó àrà ọ̀tọ̀ tí òfin yà sọ́tọ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ tí èrò wọn bá kọjá ìlà, owó yẹn dúró, bó ti wù kí bọ́ọ̀sì wọn dára tó. Gainesville ní Florida wà lára àwọn tó kọjá ìlà 200,000 nínú ìkànìyàn 2020.

Ní tiyín, àjọ Brazos Transit District, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Bryan, ló ń ṣètò bọ́ọ̀sì fún The Woodlands tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìkànìyàn 2010 ni The Woodlands Township àti ìlú Conroe wá di ẹni tó ń gba owó náà lọ́wọ́ FTA fúnra wọn, tí wọ́n sì ń dáhùn fún un fúnra wọn. Ojúṣe ni èyí, ẹrù ni. Ìròyìn tó yẹ kí ẹgbẹ́ yín gbọ́ nìyí, pàápàá àwọn nọ́ọ̀sì wa tó ń wọ bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀ lọ sí Texas Medical Center ní ìdájí. Àbúrò mi wà lára wọn. Bí ẹ bá sọ fún un pé ìlú ti di ńlá, yóò máa retí bọ́ọ̀sì púpọ̀. Bí ẹ bá sọ fún un pé wọ́n ti kà yín sí ìgboro tó kọjá 200,000, yóò béèrè lọ́wọ́ yín pé ta ló wá ń san owó awakọ̀, ìbéèrè tó sì yẹ kó béèrè nìyẹn.

Ẹni tó ní The Woodlands nìkan ni mò ń rí, kó wo Bozeman ní Montana. Ìlú náà ní 37,280 ènìyàn ní 2010, ó ní 53,293 ní 2020. Ibẹ̀ ti ní bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ kan, Streamline, láti 2006, owó abala 5311 sì wà lára ohun tó gbé e dúró. Nígbà tí ìgboro rẹ̀ kọjá 50,000, ó di dandan kí wọ́n dá MPO sílẹ̀, kí wọ́n sì bọ́ sínú ìwé tuntun, òfin tuntun, ọ̀nà tuntun láti wá owó tí àwọn náà yóò fi kún ti ìjọba àpapọ̀. Àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì náà kò rí àyípadà kankan lójú pópó lọ́jọ́ yẹn. Níbo ni di wà nínú èyí?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni ìkàsígboro. Kà, sí, ìgboro, pẹ̀lú ì tó ń sọ ọ́ di orúkọ. Ọ̀rẹ́ wa láti Àkúrẹ́ ti bi mí bóyá kò yẹ kó jẹ́ ìkàsígbòoro, nígbà tí sí ìlú ń di sílùú. Rárá. Ohùn ìsàlẹ̀ ìlú rí ohùn òkè níwájú ló fi fẹsẹ̀ rinlẹ̀. Ohùn àárín ló tẹ̀ lé e nínú ìgboro, bíi ti ìta. Níta là ń sọ, kò sẹ́ni tó ń sọ nítàa. Bí ẹ bá fẹ́ kó hàn pé wọ́n tún ibì kan kà ni, ẹ ní àtúnkàsí ìgboro, ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má lẹ̀ wọ́n pọ̀ bí ẹ ṣe lẹ ìlú mọ́ ńlá.

Ẹ wo àǹfààní rẹ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá 2022, àkọsílẹ̀ tuntun yọ ibi tó lé ní 1,100 kúrò nínú ìgboro, nítorí wọ́n ti gbé ìwọ̀n tó kéré jù láti 2,500 lọ sí 5,000. Ìwọ̀n 2,500 yẹn sì ti wà láti 1910. Àwọn ibi wọ̀nyí kò sọ ilé nù. Pẹ̀lú di tiyín, kí la ó pe èyí, ìsọdabúlé? Ẹ ó bú àwọn onílé pé wọ́n ti di ará abúlé lórí ilé tí baba wọn kọ́? Pẹ̀lú kà sí, ó rọrùn: wọ́n yọ wọ́n kúrò nígboro, wọn ò kà wọ́n sí i mọ́.

Ẹ kọ ọ́ pé àwa tí a wà nílé kò lóye ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní èdè yìí ní ilé ẹ̀kọ́ girama títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì rò pé àwa nílé ló yẹ kó tètè mọ ohun tí ìkànìyàn ń fi owó ṣe. Ìkànìyàn 2006 ka Èkó sí 9,113,605. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣe ìkà tirẹ̀, ó ní àwọn lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún, ó sì bínú nítorí iye ènìyàn wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó àpapọ̀ fún ìpínlẹ̀. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ìjà yẹn ló ń sọ pé "wọn ò kà wá pé". Mi ò gbọ́ ẹnìkan tó ní "wọn ò sọ wá di púpọ̀".

     

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá ìtẹ̀wé náà dúró ná. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ràn ìsọdìlú, ẹ kọ gbólóhùn kan péré tí ẹ fi máa lò ó fún The Woodlands, kí ìbò 2021 sì wà nínú gbólóhùn náà. Ẹ fi síbí kí gbogbo wa kà á.