Wegmans àti ọ̀rá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa: torí àyíká ni àbí torí owó?

ÌyáÌbejì_MD: Ẹ kú ojúmọ́ ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra nnkan ní Wegmans, ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ńlá Amẹ́ríkà yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá bá mi dá sí i. Látìgbà tí wọ́n ti kó báàgì ọ̀rá kúrò ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù wọn ní 2022 tá a wá ń sanwó báàgì bébà, baálé mi ò jẹ́ n gbádùn, ó ní ọgbọ́n àtipawó ni, pé kí n yéé gba ariwo "a ń tọ́jú àyíká" yẹn gbọ́. Èmi ní ó ti o, ilé-iṣẹ́ ẹbí ni wọ́n, wọn ò ní oníṣíà (àwọn aráàlú tó ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́) tó ń fún wọn lọ́rùn, wọ́n á lè ṣe ohun tó tọ́. Yàtọ̀ sí ti ọ̀rá, kí lẹ mọ̀ pé wọ́n ń ṣe gan-an?

Ará_Rochester: Ẹ kú àárọ̀ mà. Baálé yín ò jàre tán o. Sẹ́ńtì márùn-ún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbà lórí báàgì bébà nígbà yẹn, wọ́n ní food bank àdúgbò (àwọn tó ń pín oúnjẹ fún aláìní) àti ẹgbẹ́ aláàánú United Way làwọn ń kó o fún. Níbí, ní Rochester, New York, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1916, John àti Walter, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ẹbí yẹn náà ló ṣì ń darí ẹ̀, Colleen ni ọ̀gá, Danny bàbá ẹ̀ ni alága. Òfin New York lórí ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ ní March 2020, wọ́n ti kó tiwọn kúrò láti January, ẹ lè ní wọ́n kàn ṣáájú òfin ni. North Carolina wá ńkọ́? Kò sófin kankan níbẹ̀ tó ní kí wọ́n ṣe é, wọ́n sì ṣe é. Wọ́n tún ní oko organic ní Canandaigua láti 2007. Tòmátì wọn dùn, iye tí wọ́n ń tà á ni ò dùn.

OmoTexas: Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú o, ibi "ẹbí" yẹn ni mi ò ti bá yín lọ. Ṣọ́ọ̀bù H-E-B tiwa ní Texas níbí náà ilé-iṣẹ́ ẹbí ni, láti 1905, mo sì fẹ́ràn wọn. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ tí ò sí lórí ọjà ṣíà, ohun tó bá wù ú ló máa gbé síta fáráyé. Walmart tá à ń bú yẹn, àwọn oníṣíà máa ń dìde ní ìpàdé ọdọọdún bi wọ́n léèrè. Ta ló fẹ́ bi ẹbí léèrè?

Oníṣẹ́_Fíríìjì: Ẹ ru erin lérí, ẹ wá ń fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ 😂 Fíríìjì ńláńlá inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mò ń tún ṣe. Páìpù wọn gùn, oríkèé ẹ̀ pọ̀, gbogbo ibẹ̀ ló lè jò. R-404A, gáàsì amúǹkan-tutù tó wà nínú àwọn àtijọ́, tí kílò kan ẹ̀ bá jò sáfẹ́fẹ́, ooru tó ń dá dúró tó ti kílò 3,900 kábọ́ọ̀nù (CO2). Kílò 10 péré, tọ́ọ̀nù 39 kábọ́ọ̀nù nìyẹn, ọ̀rá mélòó lẹ fẹ́ kọ̀ kẹ́ ẹ tó rí ìyẹn dí? Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 2020 ti ní kí wọ́n dín irú gáàsì bẹ́ẹ̀ kù ní 85% títí 2036, ìdí nìyẹn táwọn ṣọ́ọ̀bù tuntun kan fi ń lo CO2 fúnra ẹ̀ nínú fíríìjì. Ọ̀rá là ń fojú rí, gáàsì ò ṣeé rí, òun nìṣòro.

Bísí_Búrẹ́dì: Oúnjẹ náà ńkọ́? Mo ti ṣiṣẹ́ ní bákẹ́rì ṣọ́ọ̀bù kan rí (ẹ má bi mí èwo), búrẹ́dì tó dáa là ń dà sí dọ́stíbìn lálẹ́, ó máa ń dùn mí. Òfin New York lórí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, ẹni tó bá ń da tọ́ọ̀nù méjì nù lọ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ fi èyí tó ṣeé jẹ tọrẹ, kó kó ìyókù lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di ajílẹ̀ tàbí gáàsì, tíbẹ̀ ò bá ju máìlì 25 lọ. Maryland yín náà ní irú ẹ̀ láti 2023.

ÌyáÌbejì_MD: Ẹ ṣeun gan-an ni. Oníṣẹ́ Fíríìjì, tí mo bá débẹ̀ ní Sátidé, kí ni kí n bi méníjà?

Oníṣẹ́_Fíríìjì: Gáàsì wo ló wà nínú fíríìjì wọn, àti kílò mélòó ni wọ́n rọ sí i lọ́dún tó kọjá mà. Iye tí wọ́n rọ sí i, iye tó jò nìyẹn. Tó bá lóun ò mọ̀, kó pe ẹni tó ń tún un ṣe, a máa ń kọ ọ́ sílẹ̀.