Lanlọ́ọ̀dù ò gbà ká lu ògiri: báwo la ṣe máa fi AC sí fúláàtì?

Ayálégbé Surulere: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àjà kejì ni fúláàtì wa. Ìwé àdéhùn ní a ò gbọdọ̀ lu ògiri ìta, a ò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ kọ́ sí iwájú ilé, omi ò sì gbọdọ̀ kán sórí ará ìsàlẹ̀. Yàrá náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, fèrèsé onígíláàsì tí à ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló kọjú sí báákónì. Ṣé AC tó ní táyà ni ká rà?

Onífíríìjì Mushin: Ẹ má tíì náwó sí ìyẹn. Họ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn ní, afẹ́fẹ́ inú yàrá ló sì ń fẹ́ síta. Ooru á wá máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé láti dípò rẹ̀. Ariwo kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ náà ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín.

Split 1HP ni kẹ́ ẹ rà, ìyẹn AC alápá méjì, ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan níta. Ẹ mú oní-inverter, tí kì í jẹ iná púpọ̀, bí agbára bá ká a. Tí oòrùn ọ̀sán bá ń bọ́ sára ògiri yẹn, tàbí tó jẹ́ abẹ́ páànù gan-an lẹ wà, ẹ mú 1.5HP. Orí ilẹ̀ báákónì ni ti ìta máa jókòó, lórí rọ́bà mẹ́rin kó má baà máa gbọ̀n. Páìpù á gba ojú fèrèsé: ẹ fa gíláàsì sẹ́yìn ní íǹṣì 6, kí káfíńtà gé Perspex (ike tó dà bíi gíláàsì) tàbí pákó tó ga bíi férémù, kó wọ ojú irin tí gíláàsì ń gbà. Ara pákó yẹn lẹ máa lu ihò íǹṣì 3 sí. Páìpù gáàsì íǹṣì 1/4 àti 3/8, wáyà àti họ́ọ̀sì omi á gbabẹ̀ bọ́ sáàárín irin fèrèsé. Ẹ fi fóòmù dí àyè tó bá kù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọn ló máa kọ́kọ́ gbádùn AC yín.

Ìyá Ìbejì: Kọ́kọ́rọ́ fèrèsé ò ní mú mọ́ o, torí gíláàsì ò dé ipò rẹ̀. Ẹ gé igi tó gùn bí àyè tó wà lẹ́yìn gíláàsì, ẹ tẹ́ ẹ sójú irin, kó má ṣeé fà láti ìta.

Onífíríìjì Mushin: Òótọ́ lẹ sọ, mà. Ihò yẹn gbọ́dọ̀ relẹ̀ ju ìdí ẹ̀rọ inú lọ. Tó bá ga jù ú lọ, omi á padà, á sì máa ṣàn lára ògiri yàrá. Ẹ fa họ́ọ̀sì dé ojú ihò omi báákónì. Bí kò bá sí, kẹ́ẹ̀gì ni, ẹ ó sì máa dà á nù lójoojúmọ́ torí ọ̀rinrin Èkó ò kéré.

Kí ẹni tó ń ṣe é fi pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ inú páìpù fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó tú gáàsì sínú rẹ̀. Àwọn kan ń fi gáàsì díẹ̀ lé afẹ́fẹ́ jáde, wọ́n á ní kò séwu. Ọ̀rinrin tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ ló ń ba kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ jẹ́.

Ríwáyà Agége: Wáyà 2.5mm tirẹ̀ láti ara bọ́ọ̀dù, breaker 20A, pẹ̀lú earth. Ẹ má fi extension ṣe é. Ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì ló máa kọ́kọ́ yọ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré 950VA yẹn ò lè gbé 1HP.

Ayálégbé Surulere: Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀rọ inú ńkọ́? Ṣebí ògiri náà ló máa dè mọ́?

Ìyá Ìbejì: Ihò síkúrúù mẹ́rin sí mẹ́fà ni, ògiri inú sì ni. Síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ẹ má kàn kọ pé “a fẹ́ fi AC sí”. Ẹ ya àwòrán: ibi tí ti ìta máa jókòó, ibi tí omi ń lọ, kẹ́ ẹ sì ṣèlérí pé ẹ ó dí ojú ihò wọ̀nyẹn, ẹ ó kùn ún tẹ́ ẹ bá ń kó jáde. Ẹ ya fọ́tò ògiri lónìí, nítorí owó kọ́ṣọ̀n yín.

Ayálégbé Surulere: Ògiri báákónì ga ní íǹṣì 36, ó dí pa. Ẹsẹ̀ bàtà 4 ni ìbú báákónì, 10 ni gígùn.

Onífíríìjì Mushin: Ẹ má jẹ́ kí fáànù kọjú sí ògiri yẹn, ooru rẹ̀ á padà sí i, á sì máa kú fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án. Igun kan ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kó máa fẹ́ lọ sí gígùn báákónì, ẹ fi íǹṣì 6 sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ tẹ́ ẹ bá fọ̀, ẹ má sá a síwájú rẹ̀.