SWR dipole 80 mítà yí padà lẹ́yìn yìnyín: ṣé kí n gé wáyà ni?

Wáyà_Bàbà
Ẹ̀yin àgbà rédíò, ẹ kú òtútù o. Dipole (áńtẹ́nà wáyà alápá méjì) bándì 80 mítà ni ìbéèrè mi dá lé. Wáyà bàbà rírọ̀ 2 mm tí kò ní rọ́bà lára ni, gígùn rẹ̀ 39.2 m, ó nà gbọọrọ láàárín òpó méjì. Kébù RG-213 30 m ló bọ́ wálẹ̀ láti àárín rẹ̀. Kí òtútù tó dé, SWR rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń fi bí agbára tó ń ta padà láti áńtẹ́nà ṣe pọ̀ tó hàn; 1 ló dára jù) jẹ́ 1.3 ní 3.65 MHz, ó sì máa ń kọjá 3 ní etí bándì méjèèjì. Nígbà tí yìnyín bo wáyà, ibi tí SWR ti kéré jù sún wálẹ̀ sí 3.56. Yìnyín ti yọ́ báyìí, àmọ́ láti 3.5 títí dé 3.8, SWR kò kọjá 1.8 níbikíbi. Ó kàn dára lójú lásán ni, nítorí àwọn tó ń gbọ́ mi ní ohùn mi ti lọ sílẹ̀ gan-an. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ń gbá òjò dídì gbígbẹ kiri, ariwo á bo gbogbo bándì, abẹ́rẹ́ mítà rédíò á dúró sí S9, ìyẹn ibi tó ga gan-an. Ṣé kí n gé wáyà ni, àbí kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Etí_Òkè
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé nǹkan kan. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, 3.56 yẹn, yìnyín ló fà á. Bí rọ́bà tí wọ́n fi bo wáyà ṣe máa ń fa dipole sílẹ̀ ní ìdá 2 sí 3 nínú 100, bẹ́ẹ̀ náà ni yìnyín ṣe ń ṣe. Lórí wáyà 2 mm, yìnyín tó nípọn tó 1 mm péré ti tó láti gba nǹkan bíi 90 kHz lọ́wọ́ yín ní 80 mítà. Ẹni tó bá gé wáyà lọ́jọ́ yẹn, bí yìnyín bá yọ́ tán, áńtẹ́nà rẹ̀ á fò sókè kọjá ibi tó ń fẹ́, á wá máa wá wáyà tí yóò so mọ́ ọn.

Ìkejì ló le. SWR tó tẹ́ pẹrẹsẹ káàkiri bándì kì í ṣe ìròyìn ayọ̀. Dipole 80 mítà kì í fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Omi ti wọ inú kébù yín. Agbára tó ń lọ sókè ń sọnù lọ́nà, èyí tó yẹ kó padà wálẹ̀ tún ń sọnù, mítà tó wà nísàlẹ̀ kò wá rí ohun tó padà, ó ń sọ fún yín pé gbogbo nǹkan dára.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ dájú nìyí: ẹ tú kébù kúrò lára áńtẹ́nà lókè, ẹ fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ láìso mọ́ nǹkan kan. Ẹ wá fi NanoVNA (ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn áńtẹ́nà àti kébù) wọn return loss (iye dB tí ohun tó padà wálẹ̀ fi kéré sí ohun tó lọ sókè) láti ìsàlẹ̀ ní 3.6 MHz, ẹ pín in sí méjì. Ohun tí kébù ń jẹ ní ìrìnàjò kan nìyẹn. RG-213 30 m tó ṣì gbẹ kò yẹ kó jẹ ju 0.5 dB lọ, nítorí náà return loss tí ẹ máa rí kò yẹ kó tó 1 dB. Bí ẹ bá rí 6 dB, a jẹ́ pé ìdajì agbára rédíò yín ni kò dé òkè rárá.

Téèpù_Dúdú
Òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n Etí_Òkè sọ. Ibi tí omi ń gbà wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ ẹnu òkè nígbà gbogbo. PL-259, irin tí a fi ń so ẹnu kébù, kò ní rọ́bà kankan nínú tí yóò dá omi dúró. Bí ẹ bá bó awọ dúdú kébù, ẹ wo àwọ̀n bàbà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó dára máa ń pọ́n, á sì máa dán. Èyí tí omi ti bàjẹ́ á dúdú tàbí kó hu ìpẹtà àwọ̀ ewé, bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ yín lè tutù. Ẹ máa gé e ní 30 cm, 30 cm, títí ẹ ó fi dé ibi tó ń dán. Àwọ̀n yẹn máa ń fa omi lọ jìnnà, nítorí náà bí ẹ bá ti gé mítà mélòó kan tó ṣì dúdú, ẹ jù ú nù. Kò sí bí a ṣe ń gbẹ ẹ́ tí yóò padà bọ̀ sípò.

Tí ẹ bá ń di ẹnu tuntun, téèpù rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ fà á títí gígùn rẹ̀ á fi di ìlọ́po méjì. Èyí tí a kò fà kò ní lẹ̀ mọ́ra. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa yí i lọ sókè, kí ìyípo kọ̀ọ̀kan bo ìdajì èyí tó ṣáájú, bí páànù òrùlé ṣe ń gun ara. Ẹ fi téèpù iná lásán bò ó lórí, torí oòrùn. Ẹ má fi sílíkónì tó ń rùn bí ọtí kíkan sí i, ásíìdì inú rẹ̀ máa ń jẹ bàbà. Kí kébù sì rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó tún gòkè wọ ibi tó ń lọ, kí omi lè kán síbẹ̀.

Òpó_Gíga
Kí ẹ tó gbé e padà, ẹ wo wáyà fúnra rẹ̀. Bí SWR bá ṣì mú, tó ní ibi tó ti kéré jù, ṣùgbọ́n tí ibẹ̀ wà nísàlẹ̀ 3.65 lẹ́yìn tí yìnyín yọ́ tán, wáyà ló nà. Ti Wáyà_Bàbà kò jọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó lè jẹ́ pé méjèèjì ló wà pọ̀, kébù tó ń mu agbára yẹn ló bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀. Wáyà bàbà 2 mm wọn 28 g ní mítà kan. Bí yìnyín 10 mm bá yí i ká, mítà kan náà á wọn nǹkan bíi 375 g. Tí wáyà 39 m bá rọ̀ sílẹ̀ ní mítà 1 péré ní àárín, agbára tó ń fà á máa ń jẹ́ nǹkan bíi 5 kg láìsí yìnyín. Pẹ̀lú yìnyín yẹn, ó di 70 kg, a ò tíì ka kébù tó so rọ̀. Bàbà rírọ̀ á ti nà tàbí kó já. Bí ẹ bá jẹ́ kó rọ̀ ní mítà 2, ìdajì rẹ̀ péré ni. Nítorí náà, wáyà tó le gbagidi dára lójú, àmọ́ òun ló ń kọ́kọ́ já.

Púlì àti ẹrù ni mo fara mọ́ jù. Garawa tó ní yanrìn 8 sí 10 kg ní ìparí okùn, pẹ̀lú àyè mítà 2 tí yóò fi lè gòkè. Yanrìn gbígbẹ o, kì í ṣe omi, kí ẹ sì dé e lórí. Okùn polyester ni kí ẹ lò; nylon máa ń mu omi, á wá gan nínú púlì.

Ẹ má fi igi lu yìnyín. Ẹ má sì rò pé ẹ lè fi rédíò yọ́ ọ. Yíyọ́ yìnyín 7 kg ń gba ooru nǹkan bíi 2.3 MJ. Ká tilẹ̀ ní gbogbo 100 W yín ló di ooru, á ju wákàtí 6 lọ, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń di ooru lára wáyà.

Wáyà_Bàbà
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ariwo S9 yẹn ńkọ́? Àwọn tó wà nítòsí tún máa ń pòórá bí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa.

Etí_Òkè
Pípòórá yẹn lè máà kan áńtẹ́nà rárá. Lóru ìgbà òtútù, ìpele F2 (apá òfuurufú lókè tó ń dá ìgbì rédíò padà wálẹ̀) máa ń rẹlẹ̀ lágbára débi pé ohun tó bá lọ sókè tààrà ní 3.6 kò ní padà wálẹ̀. Àwọn tó jìnnà á máa wọlé, àwọn tó wà nítòsí á sọnù. Ẹ bọ́ sí 1.8 MHz nígbà yẹn. Tí ẹ bá fẹ́ fi ìròyìn wé ìròyìn lórí ìtúnṣe kébù yín, ọ̀sán ni kí ẹ ṣe é, ní wákàtí kan náà.

Ní ti ariwo, òjò dídì gbígbẹ máa ń gbé iná mànàmáná sórí wáyà bó ṣe ń gbá a. Ẹ so rẹsístọ̀ 100 kΩ, 2 W, láàárín ẹsẹ̀ dipole méjèèjì ní àárín, kí àwọ̀n bàbà kébù sì kan ilẹ̀ nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ń fi 100 W sọ̀rọ̀, 0.05 W péré ló máa jẹ. Ẹ ká orí wáyà padà ní ìparí kọ̀ọ̀kan, kí ṣónṣó má yọ síta. Ariwo náà á dín kù, kò ní tán pátápátá. Kí ẹ tó so NanoVNA mọ́ kébù, ẹ fi irin kan so àárín PL-259 mọ́ ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí iná tó kó jọ sórí wáyà lè jó o lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.