Lẹ́ẹ̀dì ń sá wọlé nínú Pentel P205 àtijọ́: ṣé ó ṣeé tún ṣe?

Pẹ́ńsù_Dúdú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Pẹ́ńsù onítítẹ̀ Pentel P205 dúdú ni, èyí tó ń lo lẹ́ẹ̀dì 0.5 mm. Ó ti pẹ́ gan-an, síbẹ̀ ara rẹ̀ ṣì pé, kílíìpù rẹ̀ ò sì tíì dípẹtà. Tí mo bá tẹ ìdí rẹ̀, lẹ́ẹ̀dì á jáde dáadáa, àmọ́ tí mo bá ti kọ ọ̀rọ̀ méjì-mẹ́ta, á sá wọlé padà. Wọ́n ní kí n ra òmíì, mi ò fẹ́. Ó fúyẹ́, ó bá ọwọ́ mu, ẹnu tín-ínrín iwájú rẹ̀ sì gùn tó 4 mm, tó fi ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà láìbo ìlà mọ́ni lójú. Ṣé kí n kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ sí i?

Alárúlà:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kán epo kankan sí i. Epo á mú kí lẹ́ẹ̀dì máa yọ̀, á tún po mọ́ eruku rẹ̀ di ẹrẹ̀.

Ohun tó ń di lẹ́ẹ̀dì mú ni ẹnu idẹ kékeré kan tó là, tí òrùka idẹ fún mọ́ ọrùn. Tẹ́ ẹ bá tẹ ìdí, méjèèjì á jọ gbé lẹ́ẹ̀dì síwájú. Òrùka á kan inú orí irin, á dúró síbẹ̀; ẹnu idẹ á ṣì máa lọ, á wá yà. Tẹ́ ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò, sípíríǹgì á fà á padà sínú òrùka. Rọ́bà bíńtín kan wà nínú orí irin tó ń di lẹ́ẹ̀dì mú kó má bàa bá a padà.

Nítorí náà, ẹ tẹ ìdí mọ́lẹ̀, ẹ má tíì gbọ́wọ́ kúrò, kẹ́ ẹ dojú pẹ́ńsù kọlẹ̀. Bí lẹ́ẹ̀dì bá já bọ́, rọ́bà ló ti jẹ. Bó bá dúró, ẹnu idẹ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò.

Ẹ tún wo bí lẹ́ẹ̀dì náà ṣe gùn tó. Tuntun jẹ́ 60 mm. Tó bá ti ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan, ẹnu idẹ ò ní tó o mú mọ́. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn, ẹ fà á jáde kẹ́ ẹ sọ ọ́ nù.

Pẹ́ńsù_Dúdú:
Ẹ ṣeun, sà. Kò já bọ́. Lẹ́ẹ̀dì tuntun náà sì ń sá wọlé.

Ìyá_Onírinṣẹ́:
Á jẹ́ pé ìdọ̀tí ni. Ẹ yọ ìdérí irin àti ìrésà, ẹ da lẹ́ẹ̀dì jáde, ẹ tú orí irin sí apá òsì. Orí aṣọ funfun ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, torí tẹ́ ẹ bá tẹ ìdí nígbà tí orí ò sí níbẹ̀, òrùka lè fò jáde, kò sì tóbi ju irúgbìn ata lọ. Ẹ wo ibi tó kọjú sí kẹ́ ẹ tó yọ ọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín gbígbẹ gbọn ẹnu idẹ náà, kẹ́ ẹ wá fi òwú tẹ́ ẹ rẹ sínú sípírítì díẹ̀ nù ún. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ìka ni kẹ́ ẹ fi dé orí padà: ike ni ara tó ń wé mọ́, pílíásì á là á. Bẹ́ ẹ bá dé e tán tó ṣì ń mì, òun gan-an lè máa fa yíyọ̀ náà, ẹ fún un sí i.

Tí lẹ́ẹ̀dì bá kán sí inú ẹnu iwájú, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un, torí á fẹ̀ ẹ́ lójú. Okùn gìtá onírin tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ .016 ló bá a mu, nǹkan bíi 0.41 mm ni.

Alárúlà:
Ó ku lẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 0.5 sí máa ń tó 0.56 mm gan-an. Ayédèrú tó bá tín-ínrín jù á yọ̀ bó ti wù kí ẹnu idẹ mọ́ tó. Pentel fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ lo ike dípò amọ̀ láti fi po lẹ́ẹ̀dì, ní 1960. Amọ̀ ò lè dúró ní títín-ín báyìí. Ẹ má kó ju mẹ́rin lọ sínú, wọn á há ara wọn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ràn lẹ́ẹ̀dì 2B, ìtẹ̀ méjì ti tó, torí ó rọ̀, ó sì tètè ń kán ju HB lọ.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹnu idẹ ti jẹ tán, ẹ ra P205 míì kẹ́ ẹ mú ti inú rẹ̀, wọ́n ṣì ń tà á. Dúdú ni kẹ́ ẹ rà: P207 aláwọ̀ búlúù, 0.7 mm ni.