Ta ló ti pàdánù iṣẹ́ rí nítorí aṣọ ẹ̀sìn? Ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ròkíbà: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní Ìkejà pè mí fún íńtáfíù láìpẹ́ yìí. Mo ti yege nínú ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, gbogbo ohun tí wọ́n bi mí nípa iṣẹ́ ni mo sì dáhùn. Ó ku díẹ̀ ká parí ni ọ̀gá obìnrin tó jókòó láàárín bá ní, "Aṣọ orí yìí ńkọ́? Ṣé wàá lè máa ṣí i tó o bá dé ọ́fíìsì, kó o wá wé e padà tó o bá ń lọ sílé?" Mo ní rárá, mà, àmọ́ mo lè wé èyí tó bá àwọ̀ aṣọ ilé-iṣẹ́ yín mu, kí n ki etí rẹ̀ bọnú kóòtù. Ó ní àwọn èèyàn jàǹkànjàǹkàn ni oníbàárà àwọn, àti pé ojú tí àwọn fẹ́ kí aráyé fi mọ àwọn kì í ṣe ojú ẹ̀sìn. Wọn ò pè mí mọ́. Ohun tó dùn mí wọra ni pé ọjọ́ Ẹtì ni, ìbílẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀, àǹkárá lòun náà fi wérí, ó bo etí rẹ̀ méjèèjì.

Ó dá mi lójú pé èmi nìkan kọ́. Ẹ sọ tiyín.

Bàbá Tàfá: Orúkọ wọn dà? Ká mọ ibi tá ò ní kówó lọ.

Ìyá Ròkíbà: Mi ò lè dárúkọ, sà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń jẹun níbẹ̀.

Adúkẹ́ Ìlọrin: Tèmi ò tiẹ̀ dé orí híjáàbù. Orúkọ ni wọ́n rí. Mútíátù Títílayọ̀ ni mò ń jẹ́. Mo kọ̀wé sí iléèwé aládàáni kan ní Ìbàdàn, mi ò gbúròó wọn. Ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ni níbẹ̀ ní kí n yọ Mútíátù kúrò, kí n kọ Títílayọ̀ nìkan. Ìwé ẹ̀rí kan náà, àdírẹ́sì kan náà, wọ́n pè mí! Mo dé ẹnu ọ̀nà tòun ti ìborùn mi, ọ̀gá iléèwé wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ ni Títílayọ̀?" Mo ní èmi ni, sà. Ó ní àwọn ti rí ẹlòmíì gbà.

Àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó: Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ti pẹ́ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Láyé àwọn bàbá wa, iléèwé àwọn míṣọ́nnárì ló pọ̀ jù l'Ékòó. Ọmọ ìmàle lè wọlé síbẹ̀ ní Súlè kó jáde ní Sámúẹ́lì. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ mùsùlùmí Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ lọ́dún 1923, kọ́mọ lè kàwé láìjẹ́ pé ó sọ ẹ̀sìn rẹ̀ nù.

Bàbá Tàfá: Bàbá ìyá mi gan-an nìyẹn, sà. Joseph lẹ́nu iṣẹ́ Rélùwéè, Yésúfù ní mọ́ṣáláṣí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ má bínú sí mi o. Mo ní ilé oúnjẹ kan. Aṣọ kan náà ni mo rán fún gbogbo òṣìṣẹ́ mi, pẹ̀lú fìlà. Tẹ́nì kan bá wá ní òun ò lè dé fìlà mi torí ẹ̀sìn, ṣé dandan ni kí n gbà á? Èmi ni mo yáwó, èmi ni mò ń san owó ilé. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọ̀gá ò lẹ́tọ̀ọ́ kankan. Àti pé, Ìyá Ròkíbà, ṣé ó dá yín lójú pé torí híjáàbù ni? Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíì ló ṣe dáadáa jù yín lọ.

Ìyá Ròkíbà: Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ, mi ò ronú ẹ̀.

Adúkẹ́ Ìlọrin: Fìlà yín lè wà lórí híjáàbù. Ẹ lọ wo àwọn ọlọ́pàá obìnrin.

Bàbá Tàfá: Láti 2022 ni. Ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá ìgbà yẹn ló fọwọ́ sí i. Wọ́n ń wé e sábẹ́ béréètì, ìbọn ò sì já bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ìjọba nìyẹn. Èmi kì í ṣe ìjọba.

Lọ́yà Mọ́kọ́lá: Ibẹ̀ yẹn lọ̀rọ̀ wà. Abala 38 nínú ìwé òfin 1999 fún kálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹ̀sìn rẹ̀ ní gbangba. Abala 42 lòdì sí ojúsàájú, àmọ́ òfin àti ìṣe ìjọba ló mẹ́nu bà, ìdí nìyẹn táwọn aládàáni fi ń rò pé kò kan àwọn. Kí wọ́n ka abala 254C. Ó gbé ẹjọ́ ojúsàájú níbi iṣẹ́ fún National Industrial Court, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, kò sì ní ti ìjọba nìkan ni. Ẹ má kàn gbé ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti oṣù kẹfà 2022 tó fàyè gba híjáàbù wá o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé ìjọba l'Ékòó nìyẹn dá sí, kò sọ̀rọ̀ nípa òṣìṣẹ́.

Adúkẹ́ Ìlọrin: Ẹ̀yin lọ́yà náà ńkọ́? Ṣebí lóṣù kejìlá 2017 ni wọn ò jẹ́ kí Firdaus Amasa, tó kàwé jáde ní Unilorin níbí, wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń sọ wọ́n di lọ́yà, torí híjáàbù tó wà lábẹ́ wíìgì rẹ̀.

Lọ́yà Mọ́kọ́lá: Òótọ́ ni. Oṣù keje 2018 ni wọ́n tó sọ ọ́ di lọ́yà, híjáàbù sì wà lórí rẹ̀. Àwa náà pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ yẹn, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ mi ò sì tíì gbà títí dòní.

Ọmọ Awo Òṣogbo: Mo ti ń kà á látàárọ̀, kí n sọ tèmi. Ìṣirò ni mò ń kọ́ ní iléèwé girama aládàáni kan. Ìdè Ifá wà lọ́rùn ọwọ́ òsì mi, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé àti ìyeyè. Bàbá mi ló so ó mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí mo tẹ Ifá, mi ò sì bọ́ ọ rí. Mò ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn, mò ń so táì, kò sẹ́ni tó rí i. Lọ́jọ́ kan ni mo ká apá ṣẹ́ẹ̀tì láti nu pátákó. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ìyá ọmọ kan dé, ó ní òun ò sanwó kí babaláwo máa kọ́ ọmọ òun. Ọ̀gá pè mí. Kò jágbe mọ́ mi, ó tiẹ̀ ń bẹ̀ mí ni. Ó ní òun rí i pé àwọn ọmọ ń yege, àmọ́ kí n bá òun já a torí orúkọ iléèwé. Àǹtí tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì ń wé híjáàbù, ẹni tó ń kọ́ físíìsì gbé àgbélébùú kọ́rùn. Mo bi í bóyá wọ́n máa bọ́ tiwọn náà. Ó ní ìyẹn yàtọ̀. Nígbà tí táàmù parí, mo kó ìwé mi, mo lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jà fún híjáàbù, ẹ̀tọ́ yín ni, mo sì wà lẹ́yìn yín. Àmọ́ ta ni nínú yín tó máa gbà kí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ tó wọ ìdè kọ́ ọmọ òun?

Sístà Fẹ́mi: Èmi ò ní gbà. Ẹ bú mi tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ọmọ mi kéré, mi ò mọ ohun tí wọ́n á kọ́ ọ mọ́ ìṣirò.

Ọmọ Awo Òṣogbo: Ìdá àti igun mẹ́ta ni mò ń kọ́ wọn, mà.

Adúkẹ́ Ìlọrin: Sístà Fẹ́mi, ohun tẹ́ ẹ sọ yìí náà lọ̀gá iléèwé Ìbàdàn ń rò nípa mi kó tó ní àwọn ti rí ẹlòmíì.

Bàbá Tàfá: Adúkẹ́, má pa wọ́n pọ̀. Àṣẹ Ọlọ́run ni híjáàbù. Ìlẹ̀kẹ̀ ni tiwọn.

Ọmọ Awo Òṣogbo: Àṣẹ lèmi náà gbà, sà.

Àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó: Tàfá, ta ló bí Yésúfù tó bí ìyá rẹ? Ta ló bí ẹni yẹn? Tó o bá kà á dé òkè, wàá kan ẹni tó wọ ìdè. Ọ̀ṣun ya 20 August sọ́tọ̀ fún Ìṣẹ̀ṣe, Èkó, Ọ̀yọ́ àti Ògùn náà ń ṣe é, gbogbo yín ń gba ìsinmi náà.

Bàbá Tàfá: Ìsinmi ni, sà. Ta ló máa kọ̀ ọ́?

Arábìnrin Mojí: Kì í ṣe híjáàbù àti ìdè nìkan. Nínú ìjọ tiwa, obìnrin kì í wọ ṣòkòtò, a kì í fi yẹtí, a kì í kun ojú. Báǹkì kan fẹ́ kí n máa lọ bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀. Ẹni tó kọ́ wa níṣẹ́ ní mo rí bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, kí n lọ ra ètè pupa. Mo ní kí wọ́n fi mí síbi tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n ní kò sáyè. Ẹ rántí pé lọ́dún 2019 ni wọ́n lé àwọn ọmọbìnrin méjì kúrò ní àgọ́ agùnbánirọ̀ ní Ebonyi torí pé síkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Arábìnrin, ta ló ń fi síkẹ́ẹ̀tì gun okùn?

Arábìnrin Mojí: Okùn gígun ò sí nínú iṣẹ́ báǹkì, bọ̀dá mi.

Màmá Peckham: Ọmọ Ìjẹ̀bú, jẹ́ kí n bá ẹ sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí ní London níbí. Tá a bá ń tọ́jú aláìsàn, apá aṣọ ò gbọ́dọ̀ kọjá ìgbúnwọ́, torí kòkòrò àrùn. Àwọn mùsùlùmí tó fẹ́ bo apá, apá aṣọ àwọ̀sọnù ni wọ́n ń fún wọn, wọ́n á wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á jù ú nù. Kò sẹ́ni tó torí ẹ̀ pàdánù iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa.

Ẹjọ́ kan wà tó yẹ kó o mọ̀. Nadia Eweida ń ṣiṣẹ́ fún British Airways, lọ́dún 2006 wọ́n ní kó fi àgbélébùú kékeré tó wà lọ́rùn rẹ̀ pamọ́ torí ìrísí ilé-iṣẹ́. Ó gbé e dé kóòtù Yúróòpù ní Strasbourg, wọ́n dá a láre lóṣù kìn-ín-ní 2013. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ lè fẹ́ ojú kan fún ara rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ka ojú yẹn sí ju ẹ̀sìn obìnrin náà lọ. Ọjọ́ yẹn kan náà ni Shirley Chaplin, nọ́ọ̀sì bíi tèmi, pàdánù ẹjọ́ tiẹ̀ lórí àgbélébùú, torí pé ìlera àti ààbò ni tiẹ̀ dá lé. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ lè fa aṣọ náà, sọ ọ́, a máa gbọ́. Tó bá jẹ́ "kò bá ojú wa mu" nìkan ni, kò tó.

Alákẹ́ Houston: Ní Amẹ́ríkà níbí náà, ilé ìtajà Abercrombie & Fitch ò gba Samantha Elauf síṣẹ́ ní Tulsa torí ìborùn rẹ̀. Lọ́dún 2015, mẹ́jọ nínú àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ gbè é. Kò tiẹ̀ sọ fún wọn ní íńtáfíù pé ẹ̀sìn ni. Àwọn adájọ́ ní tí wọ́n bá fura pé ẹ̀sìn ni, tí wọ́n sì torí ẹ̀ kọ̀ ọ́, ó ti tó ẹjọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Màmá, mo gbọ́. Ní ìdáná, iná ń jó, aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ léwu. Ẹni tó ń gbowó níwájú, mi ò ní èsì fún ìyẹn. Àmọ́ mi ò tíì gbà pé kóòtù ló yẹ kó máa bá mi yan òṣìṣẹ́.

Kẹ́hìndé: Ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọ́n ti ní kó ṣí etí síta rí nígbà tó fẹ́ ya fótò pásípọ́ọ̀tù?

Adúkẹ́ Ìlọrin: Èmi! Wọ́n ń tẹ ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kí ni wọ́n fẹ́ fetí mi ṣe?

Arábìnrin Mojí: Etí kì í tètè yí padà bíi ti ojú. Mo rò pé torí ẹ̀ ni.

Adúkẹ́ Ìlọrin: Ọkùnrin onírùngbọ̀n ńkọ́? Ṣé wọ́n ń ní kó fá a?

Bàbá Tàfá: Ọmọ Awo, láìka ohun tí mo sọ lókè sí, ṣé ẹ ṣì ń kọ́ ìṣirò? Ọmọ mi ń jókòó WAEC lọ́dún yìí, Òṣogbo làwa náà wà.

Ọmọ Awo Òṣogbo: Mò ń kọ́ ọ, sà. Ìdè mi ò ní kúrò lọ́wọ́ mi o.

Bàbá Tàfá: Mo mọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta dáa.

Sístà Fẹ́mi: Hmm.

Ìyá Ròkíbà: Lọ́yà, mo ní iméèlì tí wọ́n fi pè mí, pẹ̀lú máàkì ìdánwò mi. Ọ̀rọ̀ aṣọ orí nìkan ni wọn ò kọ sílẹ̀.

Lọ́yà Mọ́kọ́lá: Ẹ má pa ìkankan rẹ́. Lálẹ́ òní, ẹ kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, ọjọ́, aago, iye èèyàn tó wà níbẹ̀ àti ibi tí kálukú jókòó sí. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, ẹ béèrè ìdí tí wọn ò fi gbà yín. Èsì wọn lè wúlò, kódà tí wọn ò bá fèsì.

Ìyá Ròkíbà: Mo máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ti lẹ́tà, ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ ná.

Kẹ́hìndé: Ti rùngbọ̀n yẹn, wọn ò ní kí n fá tèmi o.