Fọ́tò ṣọ́ọ̀bù aṣọ bàbá àgbà ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Fọ́tò kan ṣoṣo tó kù nípa ṣọ́ọ̀bù aṣọ ìdílé wa lẹ́bàá Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ni òjò ti bà jẹ́. Ọdún 1976 ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Òndó sílẹ̀. Ìyá àgbà mú ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn aṣọ lọ́wọ́, ìgàn àǹkárá tò dé àjà, ẹ̀gbọ́n mi ń yọjú lábẹ́ tábìlì. Ojú bàbá àgbà gan-an ló lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù. Ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà ló ní kí n fi omi gbígbóná bó o! Mi ò gbà. Ṣé kí n fi fóònù yà á bẹ́ẹ̀ látojú gíláàsì ni, àbí ẹ mọ ọ̀nà tí a fi lè ṣí i kúrò láìbó?