Ṣé pípọ̀ tí a pọ̀ ni, àbí ìlòkulò?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Àròkọ kan ni mo ń kọ lórí bí èèyàn tó ń pọ̀ sí i ṣe kan àyíká àti ọrọ̀ ajé, ọ̀rọ̀ náà sì ti dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Bílíọ̀nù 4 ni wá láyé ní 1974. Ní 2022 a ti di bílíọ̀nù 8. Igbó ń di oko, ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè olówó, tí wọn kì í bímọ púpọ̀ mọ́, èéfín tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń tú sáfẹ́fẹ́ ju ti tálákà lọ fíìfíì. Èwo wá ni ká dá lẹ́bi? Báwo sì ni ọrọ̀ ajé ṣe lè gbèrú láìjẹ ilẹ̀ run? (Ẹ má wulẹ̀ sọ pé ìfètòsọ́mọbíbí nìkan, mo ti kọ ìyẹn.)